Ṣáńpéènì ọdún, láti Ìjẹ̀bú-Òde dé Ṣàgámù: bí ẹ ṣe máa yan ìgò tó bá ẹnu, oúnjẹ àti àpò yín mu

Bí Kérésìmesì bá ti ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tàbí tí Iléyá bá ń bọ̀ tí àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ ti ń kó aṣọ Ojúde Ọba lọ sọ́dọ̀ télọ̀, ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń gbé wá bá àwa tí à ń bá èèyàn ṣètò ọtí òde: "Ṣáńpéènì wo ló ń lọ báyìí?" Ìbéèrè mẹ́ta lèmi náà máa ń fi dá wọn lóhùn. Ta ló máa mu ún? Kí ni wọ́n máa jẹ sí i? Ìgbà wo gan-an lẹ máa ṣí i? Ọ̀pọ̀ tó bá jókòó dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló máa ń rí i pé ìgò olówó ńlá tóun ń lé kiri kọ́ ló yẹ òde òun.

Orúkọ kì í mú ọtí dùn lẹ́nu àlejò. Ọ̀rọ̀ kékeré kan wà lára ìgò tó wúlò ju orúkọ lọ, ìyẹn ọ̀rọ̀ tó ń sọ bí ṣúgà inú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Ibẹ̀ la máa pẹ́ sí jù.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ mọ ohun tó wà nínú ìgò

Gbogbo ṣáńpéènì ni wáìnì tó ń hó, àmọ́ kì í ṣe gbogbo wáìnì tó ń hó ni ṣáńpéènì. Champagne jẹ́ orúkọ agbègbè kan ní àríwá ìlà-oòrùn ilẹ̀ Faransé, níbi tí ìlú Reims àti Épernay wà. Èso àjàrà ibẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe é. Chardonnay, Pinot Noir àti Meunier ló pọ̀ jù nínú wọn. Òfin ilẹ̀ Yúróòpù kò gba ará ibòmíràn láyè láti pe ọtí tirẹ̀ ní orúkọ yẹn.

Ẹni tó bá ti dé kẹ́ẹ̀gì ẹmu pa rí kó tó gbé e wọkọ̀ á mọ ibi tí híhó yẹn ti ń wá. Ẹmu náà kò tíì sinmi, afẹ́fẹ́ ń jáde lára rẹ̀, kò rọ́nà lọ, kẹ́ẹ̀gì á wá wú. Ní tàwọn ará Champagne, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ń ṣe é ni. Wọ́n á rọ wáìnì tó ti dá sínú ìgò, wọ́n á fi ṣúgà díẹ̀ àti ìwúkàrà sí i, wọ́n á dé e pa, á sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í kan nínú ìgò yẹn gan-an. Òfin wọn ni pé èyí tí wọn ò kọ ọdún sí lára gbọ́dọ̀ pẹ́ tó oṣù 15, ó kéré tán, kó tó jáde fún títà, èyí tí wọ́n kọ ọdún sí á pẹ́ tó ọdún 3. Àsìkò àti iṣẹ́ ọwọ́ yẹn wà lára ohun tẹ́ ẹ̀ ń sanwó fún. Ìyókù owó náà, ti orúkọ ni.

Àwọn mìíràn ń gba ọ̀nà kan náà láìsí orúkọ ńlá. Cava ti ilẹ̀ Sípéènì wà níbẹ̀, agbègbè Catalonia ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń wá. Crémant náà wà, ilẹ̀ Faransé kan náà ni, àmọ́ láti agbègbè bíi Alsace, Loire àti Burgundy. Èyí tí èmi fúnra mi fẹ́ràn jù fún òde tiwa ni Cap Classique ti Gúúsù Áfíríkà. Ilé wáìnì Simonsig ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́hùn-ún ní 1971, ìgò tiwọn náà sì gbọ́dọ̀ sinmi lórí ìwúkàrà fún oṣù 12, ó kéré tán. Tí ẹ bá da aṣọ bo orúkọ ara ìgò, ọ̀pọ̀ àlejò tó ń pariwo ṣáńpéènì ò ní mọ̀ ọ́n yàtọ̀.

Ọ̀nà mìíràn ni ti Prosecco, láti àríwá ìlà-oòrùn Ítálì. Inú táǹkì ńlá ni wọ́n ti ń jẹ́ kó hó kí wọ́n tó rọ ọ́ sínú ìgò. Ó ń yára jáde, owó rẹ̀ wálẹ̀, òórùn èso tútù ló sì máa ń ní. Asti náà ti Ítálì ni, èso Moscato ni wọ́n fi ń ṣe é. Ó dùn, agbára ọtí inú rẹ̀ sì kéré. Nǹkan bíi ìdá 12 nínú 100 ni agbára ọtí inú ṣáńpéènì. Ti Moscato d'Asti, tó jẹ́ àbúrò Asti, kò ju bíi ìdá 5 lọ.

André tó kún tábìlì òde wa ńkọ́? California ló ti ń wá, ilé iṣẹ́ Gallo ló ń ṣe é, inú táǹkì sì ni wọ́n ti ń ṣe é. Ẹ lè rí "California Champagne" lára èyí tí wọ́n ń tà l'Amẹ́ríkà, nítorí àdéhùn tí Amẹ́ríkà àti Yúróòpù ṣe ní 2006 fi àwọn tó ti ń lo orúkọ náà tẹ́lẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n máa lò ó lọ. Kò sí ohun tó burú nínú André. Kí wọ́n má ṣáà tà á fún yín ní owó ṣáńpéènì.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ ka ọ̀rọ̀ ṣúgà kẹ́ ẹ tó wo orúkọ

Ẹ yí ìgò náà sọ́dọ̀ ara yín. Lábẹ́ orúkọ tàbí nísàlẹ̀ bébà ara rẹ̀, ẹ máa rí ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí. Brut Nature ni kò ní ṣúgà tó tó nǹkan, kò tó gíráàmù 3 nínú lítà kan. Extra Brut kò kọjá 6. Brut kò tó 12, òun ló sì pọ̀ jù lọ́jà. Extra Dry wà láàárín 12 sí 17, Sec láàárín 17 sí 32, Demi-Sec láàárín 32 sí 50. Ohun tó bá ju 50 lọ ni wọ́n ń pè ní Doux, kò sì wọ́pọ̀.

Ibi tí wọ́n ti ń mú èèyàn ni Extra Dry. "Dry" lédè àwọn ọlọ́tí ni ọtí tí kò dùn, torí náà ẹni tó bá rí i á rò pé òun ló korò jù, bẹ́ẹ̀ ó dùn ju Brut lọ. Prosecco tó jẹ́ Extra Dry pọ̀ gan-an, torí náà tí ẹnì kan bá sọ fún yín pé Prosecco rọ òun lọ́rùn ju ṣáńpéènì lọ, ó lè jẹ́ pé ṣúgà yẹn ló ń bá a sọ̀rọ̀.

Ká sọ òtítọ́, ẹnu wa nílé fẹ́ràn adùn. Ìdí nìyẹn tí Moët Nectar Impérial Rosé fi gbajúmọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lóde wa: Demi-Sec ni. Ilé Moët kan náà ló ń ṣe Impérial tó jẹ́ Brut, ọ̀pọ̀ ló sì ń ra ọ̀kan nígbà tí èkejì lọkàn wọn fẹ́, wọ́n á wá fojú burúkú wo ọlọ́tí. Àwọn kan ń fi ẹni tó fẹ́ràn Demi-Sec ṣe yẹ̀yẹ́ pé kò mọ wáìnì. Ẹ má dá wọn lóhùn. Ẹni tó bá ń ṣe òde fún 200 èèyàn kò gbọ́dọ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ nìkan ra ọtí.

Tí mo bá ń bá ìdílé ṣètò, tí kò sí ẹni tó mọ ohun tí àlejò fẹ́, ìdá méjì nínú mẹ́ta ọtí tó ń hó ni mo máa ń jẹ́ kó dùn, ìyẹn Demi-Sec tàbí Asti. Ìdá kan tó kù á jẹ́ Brut fún àwọn tó mọ̀ ọ́n mu. Tí òde bá jẹ́ ti àwọn ọ̀rẹ́ tó ń ti ìlú òyìnbó bọ̀ wálé fún ọdún, ẹ lè yí i padà.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ wo ohun tí wọ́n máa jẹ, àti àsìkò tẹ́ ẹ máa ṣí i

Ibi tó ṣe pàtàkì jù nìyí, òun náà sì ni kò sẹ́ni tó ń rò. Nígbà wo là ń ṣí ṣáńpéènì nílé wa? Nígbà tí wọ́n bá fẹ́ gé kéèkì. Alága ìdúró á ka lẹ́tà kọ̀ọ̀kan orúkọ ọlọ́jọ́, ọ̀bẹ á wọ kéèkì, ìgò á dún. Wọ́n á fi kéèkì sẹ́nu, wọ́n á sì fi Brut lé e. Kò sí bí kò ṣe ní kan lẹ́nu. Ṣúgà orí kéèkì yẹn á pa ìwọ̀nba adùn inú Brut, ohun tó máa kù ni ìkan, ọlọ́jọ́ á sì fojú ro lójú kámẹ́rà lórí ìgò olówó gọbọi. Òfin tó rọrùn ni pé kí ọtí dùn tó ohun tẹ́ ẹ fẹ́ jẹ sí i, tàbí kó dùn jù ú lọ. Fún kéèkì, Demi-Sec tàbí Asti ni kẹ́ ẹ mú.

Brut náà ní àyè tirẹ̀, àyè ńlá sì ni. Gbogbo ohun tí wọ́n bá fi òróró dín ló bá a mu: ẹja díndín, àkàrà, sàmósà, gbogbo small chops. Híhó àti ìkan inú rẹ̀ ń fọ òróró kúrò lẹ́nu, ẹ á tún fẹ́ jẹ ẹyọ kan sí i. Torí náà, kí Brut jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ òde, nígbà tí àlejò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jókòó tí ìpápánu ń lọ káàkiri. Àsìkò yẹn gan-an ni ọ̀pọ̀ wa máa ń tọ́jú rẹ̀ pamọ́ de kéèkì.

Ata ńkọ́? Ọtí tó le tí kò sì ní adùn máa ń ran ata lọ́wọ́ ni. Ẹ fi Brut Nature lé asùn tàbí ìgbín aláta, ahọ́n yín á sọ ìyókù fún yín. Ohun tó dùn tí ọtí inú rẹ̀ sì kéré ló ń pẹ̀tù sí ata, Moscato d'Asti ni mo sì máa ń gbé sí tábìlì asùn. Ó tún máa ń jẹ́ kí àwọn àǹtí tí kì í mu ọtí líle rí nǹkan dì mú lọ́wọ́.

Ti ìkọ́kọrẹ́ yàtọ̀ díẹ̀. Ewùrà tó fà, epo pupa, ẹja, àti ata tó dá lé ọwọ́ alásè. Tí ata rẹ̀ kò bá pọ̀, Cap Classique Brut ló dára jù tí mo mọ̀ sí i, nítorí ó ń gé epo. Tí ìyá alásè bá jẹ́ ẹni tí kì í fi ata ṣeré, ẹ sún sí Extra Dry. Ẹ̀bìrìpò ti àwọn ará Rẹ́mọ náà, ọbẹ̀ tí wọ́n bá fi jẹ ẹ́ ni kẹ́ ẹ wò, ẹ má wo ẹ̀bìrìpò fúnra rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ ya ti àwọn tí kì í mu ọtí sọ́tọ̀

Ọjọ́ kẹta Iléyá ni Ojúde Ọba, ìjúbà tí àwọn Mùsùlùmí ń ṣe fún Awùjalẹ̀ ló sì ti bẹ̀rẹ̀. Lónìí, Kìrìsìtẹ́nì àti Mùsùlùmí ló ń bára wọn jókòó lábẹ́ tẹ́ǹtì kan náà nílé ìdílé lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ojúde dé. Kí ẹnikẹ́ni má bàa di ẹni tó jókòó pẹ̀lú omi inú ọ̀rá nígbà tí àwọn yòókù gbé ife sókè, ẹ ra omi èso àjàrà tó ń hó, irú bíi Chamdor, kó pọ̀ dáadáa. Ìgò rẹ̀ jọ ti ṣáńpéènì, ó ń dún bó ṣe ń dún, ó ń hó bó ṣe ń hó.

Ẹ ka ara rẹ̀ dáadáa o. Oríṣi méjì ló wà. Ọ̀kan jẹ́ omi èso tí wọ́n fi afẹ́fẹ́ sí, kò di ọtí rí. Èkejì jẹ́ wáìnì tí wọ́n yọ agbára ọtí kúrò lára rẹ̀, ó sì lè ku ìwọ̀nba díẹ̀ nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí ò ní gba èkejì, wọ́n sì lẹ́tọ̀ọ́. Kúlà ti omi èso yìí lọ́tọ̀, ife tirẹ̀ lọ́tọ̀, ẹni tó máa gbé e kiri náà lọ́tọ̀. Òun náà ni kẹ́ ẹ fún dẹ́rẹ́bà tó máa wa àwọn àgbà padà sí Ìpẹru tàbí Ìkẹ́nnẹ́ lálẹ́.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ kà á

Ìgò kan jẹ́ 75cl, ife 6 ló sì wà nínú rẹ̀ tẹ́ ẹ bá bu ìwọ̀n 125ml sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Fún gbígbé ife sókè nìkan, tí ẹ kò ní bù ú kún, ìgò kan lè tó èèyàn 8. Magnum jẹ́ lítà 1.5, ìgò méjì nínú ọ̀kan. Ó ń dára lójú fọ́tò, àmọ́ ó ń pẹ́ kó tó tutù. Tábìlì ẹlẹ́ni mẹ́wàá tó máa mu ún bí ọtí òde gan-an nílò ìgò 3, kẹ́ ẹ sì fi ọtí mìíràn tì í.

Tí owó kò bá tó, ẹ fi ojúlówó ṣáńpéènì sí tábìlì ọlọ́jọ́ àti tàwọn àgbà, kẹ́ ẹ fi Cap Classique tàbí Cava yí gbogbo tẹ́ǹtì ká. Èyí sàn ju kí ẹ gbé ìgò olórúkọ kọ̀ọ̀kan sí tábìlì kọ̀ọ̀kan fún àfihàn, tí wọn á mu ún tán láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, tí wọ́n á sì padà sórí bíà.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Bí ẹ ṣe máa rà á láìgba ayédèrú

Ẹ tètè rà á. Ọjà òkèèrè ni gbogbo rẹ̀, dọ́là ló ń gbé owó rẹ̀ sókè, ìparí ọdún sì tún ń fi tirẹ̀ kún un. Yálà Òkè-Ajé lẹ ti fẹ́ rà á ni o, yálà sùpámákẹ́ẹ̀tì ní Ṣàgámù, tàbí Èkó, ẹ gba rìsíìtì, kẹ́ ẹ sì bá ọlọ́tí ṣàdéhùn ṣáájú bóyá á gba páálí tẹ́ ẹ kò bá ṣí padà.

Ẹ wá nọ́ńbà NAFDAC lára ìgò. Ẹ wò ó bóyá ìwé ara rẹ̀ tẹ̀, bóyá lẹ́tà rẹ̀ ń ràn mọ́ra, bóyá ọtí inú ìgò kan ga ju ti èkejì lọ nínú páálí kan náà. Fọ́ìlì ọrùn rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dà bí ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọwọ́ fún mọ́ ọn. Tí ẹ bá ń ra páálí púpọ̀, ẹ sanwó ìgò kan, ẹ tutù ú, ẹ ṣí i kẹ́ ẹ tó san ìyókù. Kọ́ọ̀kì ojúlówó ṣáńpéènì gbọ́dọ̀ ní ọ̀rọ̀ "Champagne" lára, níbi tó wọ ọrùn ìgò. Tí kò bá sí níbẹ̀, tàbí tí ọtí náà kò hó pẹ́ nínú ife, ẹ dá a padà. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹni tó bá ń ta ṣáńpéènì ní owó tó wálẹ̀ ju ti gbogbo ọjà lọ kò fẹ́ràn yín tó bẹ́ẹ̀.

Ìgbésẹ̀ keje: Gbígbé e wálé àti títutù ú

Oòrùn ni ọ̀tá rẹ̀. Ẹ má fi í sílẹ̀ nínú bùùtù mọ́tò nígbà tí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ bá mú yín lójú ọ̀nà Èkó sí Ṣàgámù, tàbí kẹ́ ẹ wá dúró kí èèyàn níbi tí oòrùn ti ń pa ọkọ̀. Inú ọkọ̀ níwájú, níbi tí ẹ̀rọ amúlétutù ti ń fẹ́, ni kẹ́ ẹ gbé e sí. Tó bá délé, yàrá tó ṣókùnkùn, nílẹ̀. Ẹ jẹ́ kó sinmi di ọjọ́ kejì.

Fíríìjì máa ń gba wákàtí 3 sí 4 kó tó tutù dáadáa, ẹ sì mọ irú iná tí a ní. Yìnyín ló dájú. Ẹ fọ́ yìnyín sínú agbada ńlá tàbí ìdajì dúrọ́ọ̀mù, ẹ bu omi sí i títí yóò fi tó ìdajì, ẹ da iyọ̀ ẹ̀kúnwọ́ méjì sí i, kẹ́ ẹ ki ìgò bọ̀ ọ́ dé ọrùn. Láàárín ìṣẹ́jú 30, ó ti tutù. Yìnyín lásán láìsí omi ń pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí omi ló ń yí gbogbo ara ìgò ká. Ìwọ̀n dígírì 8 sí 10 ni wọ́n ń fẹ́ kí wọ́n ti mu ún. Lábẹ́ tẹ́ǹtì tiwa, ẹ jẹ́ kó tutù jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, torí oòrùn á gbà á padà kó tó dé ẹnu. Ẹ má gbé e sínú fíríísà kẹ́ ẹ wá gbàgbé. Ìgò á bẹ́.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Ṣíṣí i

Agbára afẹ́fẹ́ tó wà nínú ìgò ṣáńpéènì tó ìlọ́po 5 sí 6 ti afẹ́fẹ́ tó yí wa ká. Kọ́ọ̀kì rẹ̀ lè fọ́ ojú èèyàn. Ẹ má mì í rárá. Ẹ bó fọ́ìlì, ẹ fi àtàǹpàkò tẹ orí kọ́ọ̀kì kẹ́ ẹ tó tú wáyà. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni ẹ máa yí i kó tó tú. Láti ìgbà yẹn, àtàǹpàkò yín kò gbọ́dọ̀ kúrò níbẹ̀. Ẹ fi aṣọ ìnujú bò ó, ẹ tẹ ìgò síbi tí kò sí èèyàn, ẹ di kọ́ọ̀kì mú pinpin, kẹ́ ẹ wá máa yí ìgò fúnra rẹ̀ jẹ́jẹ́. Kọ́ọ̀kì á jáde bí ìmí ẹ̀dùn.

Mo mọ̀ pé ariwo làwọn ọ̀dọ́ fẹ́. Tí wọ́n bá ní dandan kí wọ́n tú u sókè, ẹ fún wọn ní ìgò tí owó rẹ̀ kéré jù, kẹ́ ẹ sì lé wọn jáde kúrò nítòsí àwọn tó wọ léèsì. Àbàwọ́n rosé, ìyẹn èyí tó pupa fẹ́ẹ́rẹ́, lára léèsì funfun, ẹjọ́ ńlá ni.

Ife tó ga tó fẹ̀ díẹ̀ láàárín ló dára jù. Kí wọ́n fi omi púpọ̀ ṣan ọṣẹ kúrò nínú rẹ̀, nítorí ọṣẹ díẹ̀ tó bá ṣẹ́kù á pa híhó náà. Ẹ tẹ ife, ẹ bu díẹ̀, ẹ dúró kó rọlẹ̀, ẹ tún bù ú dé bí ìdá méjì nínú mẹ́ta.

Lẹ́yìn òde

Ẹ má jẹ́ kí òfìfo ìgò jáde bó ṣe wà. Inú irú ìgò bẹ́ẹ̀ làwọn oníjìbìtì máa ń rọ ayédèrú sí, wọ́n á sì tà á fún ẹlòmíràn lọ́dún tó ń bọ̀, bóyá fún ẹ̀yin gan-an. Ẹ ní kí ẹni tó ń palẹ̀ mọ́ fi ọ̀bẹ ha bébà ara rẹ̀ kúrò, kó kó kọ́ọ̀kì, wáyà àti páálí sọ́tọ̀, kó dáná sun páálí náà. Ẹni tó ń ra ìgò lè bínú pé ẹ ti ba ọjà òun jẹ́. Ẹ jẹ́ kó bínú.